Isaac Katapílà àti Ṣọ́ọ̀ṣì Tó Dúró Lójú Ọ̀nà

Ẹnu Isaac Ògúndìran ni kò jẹ́ kí wọ́n fi í jẹ alàgbà. Kì í ṣe ọtí, kì í ṣe obìnrin, kì í sì í pa ìsìn jẹ. Ẹnu ni.

Ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì kan, Wòlíì Májẹ́kódùnmí, ẹni tó dá ìjọ Òkè Ìtura sílẹ̀ ní Okókomáíkò, ka ibi tí Jésù ti sọ pé bí ìgbàgbọ́ ènìyàn bá tó hóró músítádì péré, yóò sọ fún òkè pé kó ṣí nídìí, òkè á sì ṣí. Wòlíì pa Bíbélì dé, ó wo ìjọ yíká, ó ní, "Ta ló ti ṣe é rí nínú yín?"

Isaac nawọ́ sókè. "Èmi ni, Bàbá. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Òkè méjì ni, lẹ́bàá Ìbà. Kó tó di aago mẹ́rin mo ti ṣí àwọn méjèèjì kúrò nílẹ̀, mo ti dà wọ́n sójú irà."

Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Katapílà ni Isaac ń wà fún kọ́ńpìnì àwọn òyìnbó tó ń la ọ̀nà tuntun lọ sí Àgbádárìgì. Wòlíì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Isaac dìde níbi tó jókòó sí, kó lọ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí kò ti ní kó ẹ̀fẹ̀ ran àwọn ẹlòmíràn. Isaac lọ, kò bínú. Ó ní atẹ́gùn ń fẹ́ dáadáa níbẹ̀, àti pé nínú ooru tó wà lẹ́bàá pẹpẹ yẹn, ó rọrùn fún ènìyàn láti ṣèèṣì rò pé ọ̀run àpáàdì ni ìwàásù ń gbé òun lọ.

Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, nídìí òfì. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Ìgbà tó pé ọmọ ogún ọdún ló sá kúrò nílé, ó ní òun ò lè jókòó sójú kan kí òun máa fi ẹsẹ̀ tẹ igi láti àárọ̀ dalẹ́. Ó dé Èkó, ó kọ́ katapílà, ó wá jókòó sójú kan, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ irin láti àárọ̀ dalẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́, á sì fi ọwọ́ lu itan.

Ọmọ́yẹni ìyàwó rẹ̀ ló mú un dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ará Ìlaròó ni Ọmọ́yẹni, aránṣọ ni, òun ló ń rán sùtánà funfun fún gbogbo ìjọ. Nígbà tí Isaac ń dẹnu kọ ọ́, ohun kan ṣoṣo ló sọ fún un: "Ẹni tí kò bá lè bá mi lọ sílé Ọlọ́run, kò ní bá mi délé bàbá mi." Isaac bá a lọ. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un nínú ọ̀sà ní Ọ̀jọ́. Isaac sanra, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń yọ̀. Bí Wòlíì ṣe tẹ̀ ẹ́ bọmi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó fa Wòlíì mọ́ra, àwọn méjèèjì sì wọ abẹ́ omi lọ. Wọ́n jáde tán, Isaac ń hú ikọ́, ó ní, "Bàbá, tèmi ti tán o. Ẹ̀ṣẹ̀ tiyín ńkọ́, ṣé ó lọ?"

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé Isaac ń fi Ọlọ́run ṣeré kò mọ̀ ọ́n. Májẹ̀mú Tuntun kékeré kan wà lábẹ́ àga katapílà rẹ̀, epo ti sọ etí ìwé náà di dúdú. Nígbà tí àwọn yòókù bá lọ jẹun ọ̀sán, á yọ ọ́ jáde, á máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bí ẹni ń gba iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀gá ló ṣe ń kà á. Ó máa ń sọ fún Ọmọ́yẹni pé, "Bí fọ́máànù bá ní kí n gbẹ́ kòtò ẹsẹ̀ mẹ́rin, kòtò ló fẹ́. Kò ní kí n máa kọ orin nípa kòtò. Àwa onígbàgbọ́, orin kòtò la mọ̀ ọ́n kọ. Ta ló ń gbẹ́ ẹ?"

Ọmọ́yẹni á ní, "Bàbá Àrínọlá, ẹ jẹ oúnjẹ yín." Àrínọlá ni àkọ́bí wọn.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, owó epo ti gun orí ìlú. Ọkọ̀ òkun tó kó símẹ́ńtì tò sí Àpápá bí ẹni tò fún omi ẹ̀rọ, wọn ò ríbi já ẹrù sí. Ẹni tí kò ní rédíò lánàá ń ra sítẹ́rió lónìí. Ọ̀nà tuntun ń bọ̀ láti ìhà Èkó, ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà Àwórì ń bèèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ gbé gba ibẹ̀. Níwájú ọ̀nà náà, ní Okókomáíkò, ni ṣọ́ọ̀ṣì Òkè Ìtura dúró sí.

Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Símẹ́ńtì tó ti gan lẹ́bùúté ni ẹnì kan fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ọjọ́ Sátidé mẹ́rìndínlógún ni Isaac fi fọ́ ọ wẹ́wẹ́, tó pò ó, tó gbé e fún àwọn bíríkìlà. Ògiri náà ò fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n ìjọ fẹ́ràn rẹ̀ bí ìyá ṣe ń fẹ́ràn ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n rí i pé ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sára ògiri. Ìyá kan rò pé áńgẹ́lì ló ya àgbélébùú síbẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọ̀dà náà, ó fi pa iwájú orí. Isaac tó ń lọ síbi iṣẹ́ rí i, ara rẹ̀ sì tutù. Ó mọ ọ̀dà yẹn. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún kọ́ńpìnì ló ni ín, ibi tí wọ́n bá sì kùn ún sí, wíwó ni.

Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n rán àwọn àgbà lọ bẹ̀bẹ̀. Ọ́fíìsì ní ọ̀nà kì í yà. Ní ọjọ́ Ìsinmi, Wòlíì Májẹ́kódùnmí dìde nínú sùtánà tuntun, ó ní òun rí ìran. Ó ní òun rí ọ̀nà náà tó ń bọ̀ tààrà, tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì ká bí ejò tó rí iná, tó gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Ìjọ hó yèè. Ó kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje.

Lọ́jọ́ kejì, fọ́máànù Isaac pè é sápá kan. Bùràímọ̀ lórúkọ fọ́máànù yìí, ará Ọ̀yọ́ ni, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun kíkí ṣeré, ó sì fi ọdún mẹ́wàá ju Isaac lọ.

"Isaac, láti ibi kòtò títí dé ìdí igi ọsàn yẹn, ìwọ ló kàn láti wó o. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ fún ẹlòmíràn."

"Katapílà kejì ti lọ sí Ọ̀tọ̀-Àwórì. Èwo ni kí n fi wó o, eyín mi?" Bùràímọ̀ tutọ́ sílẹ̀. "Mo ti wó mọ́ṣáláṣí rí lójú ọ̀nà Ìlọrin. Orí mi ni mo fi ru páálí Kùránì jáde. Èmi náà ò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Isaac lọ sí àdúrà ààwẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ọmọ́yẹni wà níwájú, ó ti sán ọ̀já mọ́dìí. Wòlíì gbé ọ̀pá àdúrà sókè.

"Ẹ̀rọ tí wọ́n bá gbé dé láti wó ilé yìí, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú!"

"Àmín!" Isaac bá wọn ṣe é. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Kọ́ńpìnì ló ni ẹ́ńjìnnì.

"Ọwọ́ ẹni tí yóò wà á, kó rọ!"

"Àmín!" Ohùn Ọmọ́yẹni ló ròkè jù lọ. Isaac wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ó rọra fi wọ́n sábẹ́ itan.

"Kí ojú rẹ̀ fọ́!"

"Àmín!"

Isaac dìde, ó lọ dúró níta.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ọmọ́yẹni ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀rọ náà dúró.

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi ni."

"Mo ti ṣe Àmín ogún ìgbà sórí yín!"

"Mọ́kànlélógún ni. Mo kà á."

Ọmọ́yẹni bú sẹ́kún, ẹkún yẹn sì di ẹ̀rín, kó tún tó di ẹkún padà. Ó ní kí Isaac fi iṣẹ́ sílẹ̀. Isaac ní òun ti rò ó. Bí òun bá fi í sílẹ̀, ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ilé náà ni wọ́n máa gbé dé, á sì wó o mọ́ bẹ́ǹṣì, mọ́ agogo, mọ́ pẹpẹ.

"Ṣé ẹ ò gba ìran Wòlíì gbọ́ ni?"

Isaac ronú. Èyí ṣọ̀wọ́n, nítorí ẹnu rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. "Mo gba Ọlọ́run gbọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo ti rí ìwé tí wọ́n ya ọ̀nà náà sí. Kò sí ejò níbẹ̀."

Ọjọ́bọ̀ pé. Ìjọ ti tò síwájú ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ funfun láti aago mẹ́fà àárọ̀, wọ́n ń kọrin. Nígbà tí katapílà yọ lókèèrè, tí wọ́n sì rí ẹni tó jókòó lórí rẹ̀, orin náà já lẹ́nu wọn bí okùn. Ó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kó dé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ́ńjìnnì ṣe gbọ̀n, ó hú ikọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú.

Háà! Ṣé ẹ mọ ariwo? Àwọn obìnrin ń gbé ara wọn sókè. Ìyá tó fi ọ̀dà para ń yí gbirigbiri nínú yanrìn. Wòlíì jó débi pé fìlà bọ́ lórí rẹ̀. Àwọn lébìrà méjì ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n sì sá. Bùràímọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Isaac, bí àdúrà yín bá ti ṣiṣẹ́, sọ fún mi kí n tètè máa lọ. Mo ní ọmọ méje."

Isaac sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣí ilé epo. Kò ju kó tú nọ́ọ̀tù kékeré kan lọ tó fi rí i: omi. Òjò òru àná ti wọ inú dúrọ́ọ̀mù epo dísù tí ẹnì kan gbàgbé láti dé. Ó dúró, ó fi ìka méjì pa omi náà pọ̀ mọ́ epo. Kò sẹ́ni tó lè rí ohun tó rí. Bó bá kàn mi orí, tó ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á gbé e sọ́rùn. Wòlíì á mú un kúrò lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, Ọmọ́yẹni á gbá a mọ́ra lójú gbogbo ayé. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni, ẹ̀rọ mìíràn á dé, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan yẹn ì bá dùn o.

Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni ibì kan tó ti kà lórí àga yẹn gan-an: kí bẹ́ẹ̀ ni yín jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí rárá yín sì jẹ́ rárá. Ó bínú sí ẹsẹ Bíbélì náà. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Nínú gbogbo ohun tí mo kà, ìwọ lo rí ọjọ́ òní wá."

Ó nàró, ó kígbe kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Omi ló wọnú epo! Òjò àná ni!"

Ó jẹ́ kí omi náà ṣàn tán, ó fi ọwọ́ pọ́ǹpù títí dísù gidi fi yọ, ó gun orí ẹ̀rọ. Ẹ́ńjìnnì bú.

Wòlíì nawọ́ sí i. "Júdásì!"

"Bàbá," Isaac ní, "Júdásì gbowó kó tó ṣiṣẹ́. Èmi ò tíì gba tèmi lóṣù yìí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun náà kò sì rẹ́rìn-ín. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó gba àárín wọn kọjá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé bẹ́ǹṣì kan lérí, ó gbé e jáde, ó gbé e sábẹ́ igi ọsàn. Ó padà wọlé. Ó gbé òmíràn. Wọ́n kàn ń wò ó. Nígbà tó gbé ìkẹta jáde, tí òógùn ti sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di kìkì omi, ẹnì kan gbá ìdí bẹ́ǹṣì náà mú láti ẹ̀yìn kó má fi wọ́lẹ̀. Ọmọ́yẹni ni. Wọ́n jọ gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ni akọrin kan lọ já agogo, ẹlòmíràn gbé ọ̀pá àbẹ́là, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde. Wòlíì nìkan ni kò kúrò lójú kan. Bùràímọ̀ ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, kò sì pe ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó di aago méjìlá ọ̀sán, ilé ṣófo. Isaac fi irin iwájú ẹ̀rọ kan ògiri. Kò tíì tì í rárá tí ògiri fi dà wó, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí símẹ́ńtì gígan yẹn. Sátidé mẹ́rìndínlógún. Àwọn tó wà nítòsí sọ pé Isaac ń sunkún. Ó ní eruku ni.

Wọ́n lé e kúrò nínú ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Abẹ́ igi ọsàn náà ni wọ́n ti lé e, nítorí kò sí ilé. Ọmọ́yẹni ṣì ń lọ. Isaac máa ń sìn ín dé ẹ̀bá ọ̀nà, á jókòó sórí òkúta ní òdìkejì, á máa gbọ́ ìwàásù láti ibẹ̀. Bí wọ́n bá dé ibi Àmín, á ṣe tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn oṣù kan, ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Àwórì, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àyọ̀ká, fún ìjọ ní ilẹ̀ ní Igbó-Elérin. Ó ní bí wọ́n ṣe ń jókòó sínú oòrùn ń dun òun. Ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, ó sì rí bí ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ṣe ń rí: kùkùté àràbà, òkìtì ọ̀gán, kòtò. Ìjọ fi àdá àti ọkọ́ bá a jà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibi tí wọ́n rí ṣán ò tó ibi tí ẹṣin lè dùbúlẹ̀ sí.

Isaac gbọ́ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. Ó lọ bá Bùràímọ̀, ó ní òun fẹ́ lo ẹ̀rọ ní Sátidé lẹ́yìn iṣẹ́, òun á ra dísù fúnra òun. Bùràímọ̀ mú un lọ bá òyìnbó ọ̀gá wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n jí i gbé. Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dá a padà.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, Bùràímọ̀ ní, "Àwọn tó lé ọ náà lo fẹ́ lọ ro ilẹ̀ fún? Ṣé orí rẹ pé?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó wà nínú ìwé wa. Bí ẹnì kan bá fipá mú ọ rin máìlì kan, kí o bá a dé ìkejì. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Máìlì àkọ́kọ́, ẹ̀yin lẹ fipá mú mi. Ẹrú ni mí níbẹ̀. Ìkejì yìí nìkan ni mo lè pè ní tèmi."

"Ó wà nínú ìwé yín lóòótọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó sì wu èmi náà kó má wà níbẹ̀."

Ó wọ Igbó-Elérin ní aago méjì ọ̀sán Sátidé. Àwọn tó ń ṣánko sá sẹ́yìn. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò ṣẹ̀fẹ̀. Ó hú àràbà tu, ó tẹ́ ọ̀gán pẹrẹsẹ, ó dí kòtò. Ìgbà tó fi máa di aago márùn-ún, ilẹ̀ náà ti tẹ́jú bí ẹní. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Wòlíì Májẹ́kódùnmí rìn wá, láìwọ bàtà, ó jókòó sórí irin iwájú ẹ̀rọ tí kò tíì tutù tán. Isaac sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìran yẹn," Wòlíì ní, "mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọ̀nà yà. Mo fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí i."

Ẹ̀fẹ̀ mẹ́ta ló sáré wá sẹ́nu Isaac. Ó gbé gbogbo wọn mì. "Bàbá," ó ní, "nígbà tí ẹ́ńjìnnì yẹn kú, inú tèmi náà dùn."

Wòlíì mi orí. Ó wo ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó nu ojú rẹ̀ nù. Ó ní, "Símẹ́ńtì tó ń bọ̀ yìí, kó má gan o."

Wọn ò fi Isaac jẹ alàgbà títí ó fi darúgbó. Ohun tí Wòlíì fún un ni kíláàsì kan tí ẹlòmíràn ò fẹ́: kó máa ka Bíbélì pẹ̀lú àwọn lébìrà ní àgọ́ kọ́ńpìnì ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ènìyàn mẹ́rin ló wá, méjì nínú wọn sì rò pé wọ́n ń pín tíì ni. Bùràímọ̀ wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó ní òun ò wá yí ẹ̀sìn padà o, òun kàn wá wo ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ òun.

Isaac ṣí Májẹ̀mú Tuntun elépo rẹ̀, ó ka ibi tí Jésù ti ní kí wọ́n fẹ́ràn àwọn ọ̀tá wọn, kí wọ́n sì gbàdúrà fún àwọn tó ń ni wọ́n lára. Lébìrà kan nawọ́.

"Ọ̀gá, ṣé fọ́máànù wà lára wọn?"

Isaac wo Bùràímọ̀. "Òun gan-an la máa fi bẹ̀rẹ̀."

Bùràímọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ wọn, ó ní kí wọ́n máa kà á lọ.